Orí Kẹfà: Plugin àti Iṣẹ́ Àwọ̀ Fíìmù, Àpẹẹrẹ láti Ìlú Abidjan

Èròńgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

- ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàrin àtúnṣe àwọ̀ àti ìṣọ̀ṣọ́ àwọ̀;
- sọ ohun tí plugin ń ṣe sí àwòrán, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ;
- fi òṣùwọ̀n ka àwòrán, pàápàá àwọ̀ ara ènìyàn dúdú;
- ṣe iṣẹ́ àwọ̀ lẹ́sẹẹsẹ lórí ìran ọjà, ìran alẹ́ àti ìran orí omi;
- múra iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n, sinimá àti fóònù.

6.1 Ohun tí iṣẹ́ àwọ̀ jẹ́

Iṣẹ́ àwọ̀ ni gbogbo ohun tí a ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ inú fíìmù lẹ́yìn tí kámẹ́rà bá ti ṣe tirẹ̀ tán. Ní Èkó, color grading ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Ní Abidjan, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè iṣẹ́, étalonnage ni wọ́n ń sọ, étalonneur sì ni ẹni tó ń ṣe é. Apá méjì ni iṣẹ́ náà ní, ọ̀pọ̀ àṣìṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ló sì ń wá láti inú pípa àwọn apá méjèèjì pọ̀.

Àtúnṣe àwọ̀ ni mímú àwòrán bọ̀ sípò: kí funfun jẹ́ funfun, kí ibi tó ṣókùnkùn má gbé ohun tó wà níbẹ̀ mì, kí shot tí a yà láago mẹ́wàá àárọ̀ àti èyí tí a yà láago mẹ́ta ọ̀sán lè wà nínú ìran kan náà láìjẹ́ pé òǹwòran fura. Ìṣọ̀ṣọ́ àwọ̀ ni yíyan ìrísí tó bá ìtàn mu: kí alẹ́ tutù sí i, kí ìrántí ìgbà èwe pọ́n rúsúrúsú, kí ilé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní àwọ̀ tó ṣá. Aláró kì í ki aṣọ ẹlẹ́rẹ̀ bọ ìkòkò aró. Ó ń fọ̀ ọ́ mọ́ ná, kí aró lè mú un dọ́gba. Àtúnṣe ń ṣáájú ìṣọ̀ṣọ́ nítorí ìdí kan náà.

Ohun mẹ́ta ni ètò kọ̀ǹpútà ń kà lára àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Irú àwọ̀ ló ń mú pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Ìkún àwọ̀ ni bí àwọ̀ náà ṣe rinlẹ̀ tó tàbí bó ṣe ṣá tó. Ìmọ́lẹ̀ ni bó ṣe súnmọ́ funfun tàbí dúdú tó. Tí a bá ń yí ọ̀kan padà, ó yẹ kí a mọ̀ bóyá a ti fọwọ́ kan àwọn méjì yòókù.

Iná àti oòrùn náà ní àwọ̀, Kelvin ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n. Gílóòbù tungsten tí a ń lò nínú iṣẹ́ fíìmù wà ní 3200, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà ní nǹkan bí 5600, iná òpópónà aláwọ̀ ọsàn tí a ń pè ní sodium sì wà ní nǹkan bí 2000. Bí iye náà bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń pọ́n tó. Ìwọ̀n funfun ni ètò tí a fi ń sọ fún kámẹ́rà pé irú ìmọ́lẹ̀ wo ni kí ó kà sí funfun.

6.2 Abidjan lójú kámẹ́rà

Ní 1957, Jean Rouch, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé kámẹ́rà 16mm wọ àdúgbò Treichville, ó sì tẹ̀lé àwọn ọ̀dọ́ tó wá láti Niger wá ṣe lébìrà ní Abidjan. Fíìmù aláwọ̀ tó ti ibẹ̀ jáde, Moi, un noir, gba ẹ̀bùn Louis-Delluc ní 1958. Oumarou Ganda, tó kópa nínú rẹ̀, di olùdarí fíìmù fúnra rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ní 1988, Henri Duparc gbé Bal poussière jáde, àwàdà nípa olówó abúlé kan tó lọ fẹ́ ìyàwó kẹfà.

Láyé ìgbà náà, àwọn ilé ìfọfíìmù nílẹ̀ Faransé ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ fíìmù ilẹ̀ Adúláwọ̀ tó ń sọ Faransé lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yan ìwọ̀n iná pupa, iná àwọ̀ ewé àti iná búlúù tí wọn yóò fi tẹ shot kọ̀ọ̀kan sórí fíìmù tuntun. Ohun tí wọ́n bá ṣe, gbogbo ara shot náà ló kàn. Kò sí ọ̀nà tí a fi lè mú ojú òṣèré mọ́lẹ̀ kí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ máa wà bó ṣe wà.

Kọ̀ǹpútà ló tú okùn yìí. Ní 2000, nínú fíìmù Amẹ́ríkà kan, O Brother, Where Art Thou?, ayàwòrán Roger Deakins ní kí wọ́n gbé odindi fíìmù náà sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì sọ ewéko tútù ìpínlẹ̀ Mississippi di gbígbẹ aláwọ̀ wúrà. Owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ olùṣefíìmù lọ nígbà náà. Ẹ̀rọ da Vinci, tí ilé iṣẹ́ kan ní Florida ń ṣe láti 1984, lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún dọ́là. Blackmagic Design ti Australia ra ilé iṣẹ́ náà ní 2009. Ní 2010 wọ́n ta ètò orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní 995 dọ́là, ní 2011 wọ́n sì gbé ẹ̀yà ọ̀fẹ́ jáde. Ẹ̀yà ọ̀fẹ́ DaVinci Resolve yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ní Cocody tàbí ní Ìbàdàn lè fi bẹ̀rẹ̀ lónìí, lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó súnmọ́ wa jù ni La Nuit des rois, tí Philippe Lacôte darí, tí wọ́n sì kọ́kọ́ fi hàn ní Venice ní 2020. MACA, ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá Abidjan, ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, láàrin òru kan ṣoṣo tí òṣùpá pọ́n. Tobie Marier Robitaille ni ayàwòrán rẹ̀. Fíìmù náà wà lára mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí Oscar kọ́kọ́ yàn sọ́tọ̀ ní ẹ̀ka fíìmù ilẹ̀ òkèèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí i, kí ó kíyè sí bí òkùnkùn ṣe yí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ká tí ojú wọn kò sì sọnù.

Ìmọ́lẹ̀ Abidjan ní ìwà tirẹ̀ tí ó yẹ kí a mọ̀. Ìlú náà wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 5 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà oòrùn ọ̀sán máa ń dúró gangan lókè orí, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Òjìji a bọ́ sínú ihò ojú àwọn òṣèré. Ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú: ìmọ́lẹ̀ tó rẹwà jù kì í dúró de ẹni tó ń to iná. Òjò oṣù karùn-ún sí ìkeje ń mú kí ọ̀run ṣú láàárọ̀ kí ó sì là lọ́sàn-án. Takisí aláwọ̀ ọsàn pípọ́n wà níbi gbogbo, ọ̀sà Ébrié ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, tapólì búlúù sì bo ìsọ̀ lọ́jà. Gbogbo ìwọ̀nyí ni yóò wọ inú àwòrán, a pè wọ́n o, a kò pè wọ́n.

6.3 Ohun tó wà nínú plugin

Plugin ni ètò kékeré tí a so mọ́ ètò tí a fi ń to fíìmù pọ̀, kí ó lè ṣe iṣẹ́ tí ètò ńlá náà kò ní tàbí tí yóò gba àkókò púpọ̀. Àwọn mìíràn ti wà nínú ètò náà láti ilé iṣẹ́: pánẹ́ẹ̀lì Lumetri dé inú Premiere Pro ní 2015, kẹ̀kẹ́ àwọ̀ sì dé inú Final Cut Pro ní 2017. Àwọn mìíràn, à ń rà wọ́n lọ́tọ̀. Magic Bullet Looks ń fúnni ní ìrísí tí a ti sè sílẹ̀. FilmConvert àti Dehancer ń mú àwòrán kámẹ́rà òde òní jọ fíìmù ayé àtijọ́, pẹ̀lú hóró-hóró rẹ̀. Neat Video ń pa hóró-hóró tí a kò fẹ́ rẹ́. Èyíkéyìí tí a bá ṣe sí ìlànà OpenFX lè ṣiṣẹ́ nínú DaVinci Resolve.

Nínú ọ̀pọ̀ plugin, ohun tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni LUT. LUT jẹ́ tábìlì: iye pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù tó wọlé wà lápá kan, iye tí yóò jáde wà lápá kejì. Èyí tó wọ́pọ̀ ní ojú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọ́nà mẹ́ta, ìyẹn 33 × 33 × 33, tí ó jẹ́ 35,937 ojú. Àwọ̀ tó bá bọ́ sáàrin ojú méjì, kọ̀ǹpútà yóò ṣírò rẹ̀.

Ohun pàtàkì kan jẹ yọ láti inú èyí. LUT kò mọ ojú ènìyàn yàtọ̀ sí ògiri. Iye kan náà tó bá wọlé, iye kan náà ni yóò jáde, ìbáà jẹ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá àgbà tàbí ti ilẹ̀ pupa ojú títì. Tí a bá ya shot náà ṣókùnkùn ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo iye tó wọlé ti yẹ̀, èyí tó jáde yóò sì yẹ̀ bákan náà. Ìdí nìyí tí LUT tó dára gan-an nínú fídíò ìpolówó rẹ̀ fi ń bàjẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Oríṣi LUT méjì ló wà. LUT ìyípadà ń gbé àwòrán láti inú àwọ̀ kámẹ́rà bọ́ sínú àwọ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n tí a ń pè ní Rec. 709. LUT ìrísí ń fi adùn sí i. Kámẹ́rà tó ń ya Log nílò irú àkọ́kọ́. Log jẹ́ ọ̀nà tí kámẹ́rà fi ń fún ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn pọ̀ kí ó lè gba púpọ̀ nínú wọn. Nínú S-Log3 ti Sony, àwọ̀ eérú àárín jókòó sí 41 nínú ọgọ́rùn-ún, funfun tákàdá sì jókòó sí 61 péré. Tí a kò bá yí i padà, àwòrán náà á ṣá, á sì rí eléérú. Plugin Color Space Transform tó wà nínú Resolve ń ṣe irú iṣẹ́ ìyípadà yìí pẹ̀lú ìṣirò, láìlo tábìlì.

Ipò tí a fi plugin ìyípadà sí ṣe kókó. LUT máa ń gé ohun tó bá kọjá ààlà rẹ̀ dànù. Bí ọ̀run bá mọ́lẹ̀ jù, tí a sì dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù lẹ́yìn LUT, funfun tó ti gé ni a ó kàn sọ di eérú. Bí a bá dín in kù ṣáájú LUT, ìkùukùu tó wà níbẹ̀ yóò yọ padà. Nítorí náà, àtúnṣe ìmọ́lẹ̀ àti ìwọ̀n funfun ń ṣáájú plugin ìyípadà nínú ètò iṣẹ́.

6.4 Òṣùwọ̀n àti àwọ̀ ara

Ojú ènìyàn tètè ń mọ́ra. Ẹni tó bá wo àwòrán tó pọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rí i bí èyí tó dára. Nítorí èyí ni a fi ń lo òṣùwọ̀n. Waveform ń fi ìmọ́lẹ̀ hàn láti 0, tí ó jẹ́ dúdú, dé 100, tí ó jẹ́ funfun. Parade ń ya pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a lè rí èyí tó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Vectorscope jẹ́ àyíká tí àárín rẹ̀ kò ní àwọ̀ kankan: apá ibi tí àmì bá kọjú sí ni irú àwọ̀, bó bá sì ṣe jìnnà sí àárín tó ni ìkún àwọ̀.

Láàrin pupa àti àwọ̀ ìyeyè lórí vectorscope, ìlà kan wà tí a ń pè ní ìlà àwọ̀ ara. Ẹ̀jẹ̀ àti èròjà tó ń mú awọ dúdú ló ń fún ara ènìyàn ní àwọ̀, nítorí náà irú àwọ̀ gbogbo ènìyàn, dúdú tàbí funfun, ń bọ́ sí ìtòsí ìlà kan yìí. Ìmọ́lẹ̀ àti ìkún ni ó ń yàtọ̀. Lórí waveform, ojú aláwọ̀ funfun sábà máa ń wà láàrin 60 sí 70. Ojú adúmáadán sábà máa ń wà láàrin 30 sí 50, ibi tó ń dán lára iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye wọ̀nyí jẹ́ atọ́nà. Ìran alẹ́ lè fà wọ́n wálẹ̀.

Ibí yìí ni ìrísí tí a sè sílẹ̀ ti ń ṣàkóbá jù. Ìtàn rẹ̀ ti pẹ́. Láti nǹkan bí 1950 lọ, Kodak ń fi káàdì àwòrán ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọtò láti fi ṣe òṣùwọ̀n. Obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀, Shirley sì ni orúkọ tí wọ́n ń pe káàdì náà. Awọ obìnrin yẹn ni wọ́n ń mú tọ́, àwọ̀ ara tiwa sì ń di òkùnkùn tí ojú àti eyín nìkan ń yọ nínú rẹ̀. Lorna Roth, onímọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Canada, tẹ ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2009.

Káàdì náà ti di ohun àná, ṣùgbọ́n irú ìṣòro rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ plugin. Ẹ wo ìrísí tó gbajúmọ̀ jù nínú fíìmù Amẹ́ríkà, èyí tó ń ti ibi òkùnkùn sí àwọ̀ búlúù aláwọ̀ ewé, tó sì ń ti ibi ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ ọsàn. Ojú aláwọ̀ funfun wà ní apá ìmọ́lẹ̀, nítorí náà àwọ̀ ọsàn ló ń bá a, ara rẹ̀ á sì jí. Ojú adúmáadán wà nísàlẹ̀ àárín. Búlúù aláwọ̀ ewé ni yóò bá a, ara rẹ̀ yóò sì dà bí ti ẹni tí àìsàn ń ṣe. Plugin náà kò bàjẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ojú ẹlòmíràn ni wọ́n fi tò ó.

Àtúnṣe rẹ̀ wà. Àkọ́kọ́, nínú ètò plugin náà, ẹ wá ibi tó ń sọ òkùnkùn di búlúù, kí ẹ sì ti ààlà rẹ̀ wálẹ̀, kí ó mú kìkì ohun tó wà nísàlẹ̀ 20. Bí plugin náà kò bá gba èyí, ẹ lo aṣàyàn àwọ̀, irinṣẹ́ tó ń yan àwọ̀ ara nìkan nínú àwòrán, kí plugin má bàa kàn án. Èkejì, dídán ara ni kí a ṣọ́. Ẹni tó bá gbé gbogbo ojú sókè kí ó lè mọ́lẹ̀ yóò rí ojú tó tẹ́jú, tó sì rí eléérú. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ fi ibi tó jìn sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ gbé ibi àárín sókè díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ibi tó ń dán yọ. Ní ìran tí adúmáadán àti apọ́nbéporẹ́ bá jókòó pọ̀, ojú adúmáadán ni kí a kọ́kọ́ tọ́, lẹ́yìn náà kí a fi fèrèsé dín ìmọ́lẹ̀ ojú èkejì kù.

Fèrèsé ni àyè tí a fà yí apá kan àwòrán ká kí iṣẹ́ wa lè mọ síbẹ̀. Ìtẹ̀lé ni irinṣẹ́ tó ń mú kí fèrèsé náà máa bá òṣèré rìn. Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sún fèrèsé bẹ́ẹ̀ láti àwòrán kan sí èkejì. Plugin ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, èrè tó tóbi jù tí plugin mú wá sì nìyẹn.

6.5 Àpẹẹrẹ: ìran mẹ́ta nínú fíìmù kúkurú kan

Àwọn ará Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire láti ìgbà pípẹ́. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé fíìmù wa dá lórí ìyá àgbà kan, ọmọ Èjìgbò, tó ń ta aṣọ ní ọjà Adjamé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní maquis, ilé oúnjẹ ìta gbangba, ní Yopougon. Àwọn méjèèjì pàdé nínú ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà ní ìran ìkẹyìn, ilé gogoro Plateau ń hàn lẹ́yìn wọn. Log ni a fi ya ìran méjì àkọ́kọ́. Fóònù ni a fi ya ìran kẹta.

*Ìran ọjà.* Oòrùn ọ̀sán ń gba inú tapólì búlúù wọlé, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ti di búlúù. Lórí parade, búlúù ga ju pupa lọ. Ẹ wá ohun kan tí a mọ̀ pé funfun ni, bóyá lẹ́ẹ̀sì funfun lórí pẹpẹ, kí ẹ sì fa búlúù wálẹ̀ títí àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi dọ́gba lórí rẹ̀. Ìṣòro kan yóò yọjú: ojú títì tó wà lẹ́yìn ìyá àgbà, tí oòrùn gangan ń ràn sí, yóò wá pọ́n jù, takisí tó ń kọjá yóò sì máa jó bí iná. Ìmọ́lẹ̀ méjì ló wà nínú shot kan. Ẹ fa fèrèsé yí abẹ́ tapólì ká, kí ẹ ṣe àtúnṣe náà síbẹ̀ nìkan, kí ẹ sì mú kí etí fèrèsé náà rọ̀ kí ààlà rẹ̀ má hàn. Ẹ má pa búlúù náà rẹ́ pátápátá. Òǹwòran ń rí tapólì lókè. Bí kò bá rí àmì rẹ̀ rárá lára ènìyàn, yóò mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ́.

Lẹ́yìn èyí ni plugin ìyípadà tó kàn, kí a sì ṣàyẹ̀wò ojú ìyá àgbà lórí vectorscope. Bí ó bá ṣì fì sápá búlúù, a ó padà sí ìpele àkọ́kọ́.

*Ìran maquis.* Iná tó gùn gbọọrọ, tó ń tan àwọ̀ ewé díẹ̀, wà lókè tábìlì. Iná òpópónà aláwọ̀ ọsàn ń wọlé láti ìta. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni a ó tún ṣe. Àwọ̀ ọsàn ìta ló ń sọ fún òǹwòran pé alẹ́ ti lẹ́, nítorí náà kí ó dúró. Àwọ̀ ewé tó wà lójú òṣèré ni kí a yọ, nípa lílo aṣàyàn àwọ̀ láti mú ara nìkan kí a sì tì í padà sórí ìlà àwọ̀ ara. Bí a bá gbé òkùnkùn sókè, hóró-hóró yóò yọ. Irinṣẹ́ tó ń pa á rẹ́ nínú Resolve wà nínú ẹ̀yà tí a ń rà nìkan. Ẹni tó ń lo ẹ̀yà ọ̀fẹ́, kí ó jẹ́ kí alẹ́ jẹ́ alẹ́, kí ó má gbé e sókè jù.

*Ìran ọkọ̀ ojú omi.* Oòrùn ń wọ̀ bí a ṣe ń ya á, nítorí náà shot kìn-ín-ní jẹ́ aláwọ̀ wúrà, èyí tó kẹ́yìn sì ti ń di búlúù. Ẹ yan shot atọ́nà kan, èyí tí ojú àwọn òṣèré hàn jù nínú rẹ̀, kí ẹ sì mú àwọn yòókù bá a dọ́gba. Plugin tó ń bá shot méjì dọ́gba fúnra rẹ̀ wúlò fún ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń wo gbogbo àwòrán pọ̀. Bí shot kan bá ní omi púpọ̀, tí èkejì sì jẹ́ ojú nìkan, yóò ṣìnà. Òṣùwọ̀n ni kí ó dájọ́.

Fóònù wa ya 8-bit, ìyẹn ìpele ìmọ́lẹ̀ 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kámẹ́rà 10-bit ní 1,024. Ìyàtọ̀ náà ń hàn lójú ọ̀run: bí a bá fa àwọ̀ rẹ̀ gan-an, ọ̀run 8-bit á pín sí ìlà-ìlà. Ẹ fà á díẹ̀. Hóró-hóró fẹ́ẹ́rẹ́ láti inú plugin fíìmù máa ń bo irú ìlà bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìgbà tí ìran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti dọ́gba ni a tó mú plugin ìrísí jáde. A kì í fi í sórí shot kọ̀ọ̀kan. Orí odindi fíìmù ni a ń fi í sí, lórí ìpele kan ṣoṣo, kí a lè yí i padà lẹ́ẹ̀kan náà bí olùdarí bá yí ọkàn padà. Ẹ gbé e dé òpin, kí ẹ rí ohun tó ń ṣe, lẹ́yìn náà kí ẹ fà á padà títí ẹ ó fi nílò láti pa á kí ẹ sì tan án kí ẹ tó rí ìyàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni ó ti tó.

6.6 Gbígbé iṣẹ́ jáde

Ibi tí fíìmù ń lọ ló ń pinnu àwọ̀ ìkẹyìn rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n, bíi RTI tàbí NCI tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019, ń gba Rec. 709, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ìmọ́lẹ̀ má sì kọjá 0 àti 100 lórí waveform. Gbọ̀ngàn sinimá, bíi Majestic Ivoire ní Cocody, ń lo àwọ̀ DCI-P3 tó gbòòrò ju Rec. 709 lọ, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré: 48 nits (nit ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ ojú ìwòran), nígbà tí mónítọ̀ tí a fi ń tọ́ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wà ní 100. Fóònù mọ́lẹ̀ jù wọ́n lọ, inú oòrùn ni wọ́n sì máa ń wò ó nígbà mìíràn. Ìran maquis tó dára nínú yàrá òkùnkùn lè di dúdú biribiri nínú gbaka, ọkọ̀ èrò kékeré, tó ń lọ sí Abobo. Nítorí náà, ẹ wo iṣẹ́ náà lórí fóònù lásán kan kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Kókó orí yìí

Àtúnṣe ń ṣáájú ìṣọ̀ṣọ́, ìmọ́lẹ̀ àti ìwọ̀n funfun sì ń ṣáájú plugin ìyípadà. LUT jẹ́ tábìlì tí kò mọ ojú yàtọ̀ sí ògiri. Irú àwọ̀ ara gbogbo ènìyàn súnmọ́ ìlà kan. Ìmọ́lẹ̀ àti ìkún ló yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìrísí tí a sè sílẹ̀ ti ń ba ojú adúmáadán jẹ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin àtúnṣe àwọ̀ àti ìṣọ̀ṣọ́ àwọ̀? Fi ìran kan nínú fíìmù tí o ti wò ṣe àpẹẹrẹ.

2. Ṣàlàyé ìdí tí àtúnṣe ìmọ́lẹ̀ ọ̀run lẹ́yìn LUT kò fi lè mú ìkùukùu padà.

3. Ojú òṣèré kan wà ní 38 lórí waveform, ó sì jókòó sórí ìlà àwọ̀ ara. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kí a gbé e dé 65 nítorí pé iye yẹn ni ó rí nínú fídíò ẹ̀kọ́ kan. Ṣé òun tọ̀nà? Sọ ìdí rẹ.

4. LUT kan ní ojú 17 × 17 × 17. Ojú mélòó ni gbogbo rẹ̀ jẹ́? Fi wé ti 33, kí o sì sọ èyí tí yóò ṣírò àwọ̀ àárín jù.

5. A ya ìran kan lábẹ́ tapólì pupa ní ọjà Treichville. Kọ ìgbésẹ̀ tí o máa gbé, láti orí parade dé orí plugin ìrísí, kí o sì sọ ìwọ̀n pupa tí o máa fi sílẹ̀ àti ìdí rẹ̀.

6. Iṣẹ́ ọwọ́: Ní ìsọ̀rí ènìyàn mẹ́ta, ẹ fi fóònù ya ojú ènìyàn méjì tí àwọ̀ ara wọn yàtọ̀ síra, lẹ́ẹ̀kan láago méjìlá ọ̀sán, lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ iná ilé. Ẹ lo ẹ̀yà ọ̀fẹ́ DaVinci Resolve láti mú shot mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba láìlo ìrísí kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi LUT ìrísí kan tí ẹ rí lọ́fẹ̀ẹ́ sórí wọn, kí ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ojú kọ̀ọ̀kan lórí vectorscope, kí ẹ sì mú àwòrán ṣáájú àti ẹ̀yìn wá sí kíláàsì.